Ǹjẹ́ síǹkì lè rọ́pò oògùn àtọ̀gbẹ?

Ìbéèrè: Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 61. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ irú kejì, metformin sì ni dókítà kọ fún wọn. Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan tó ń ta oògùn aṣaralóore kiri wá bá wọn nílé wa ní Ìbàdàn, ó sì ta kápúsù síǹkì fún wọn. Wọ́n kọ 50 mílígíráàmù sí ara ìgò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa lo méjì lójúmọ́. Ó ní síǹkì ni ara fi ń ṣe insulin, pé tí wọ́n bá lò ó fún oṣù mẹ́fà, wọn yóò lè jáwọ́ nínú metformin. Ẹsẹ̀ wọn sì máa ń ta wọ́n bí iná lálẹ́. Ṣé òótọ́ ni ẹni náà sọ? Oúnjẹ wo ló sì ní síǹkì nínú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí oṣù mẹ́fà náà tó pé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò gbọdọ̀ dúró de ìyókù: kí bàbá má ṣe jáwọ́ nínú metformin nítorí síǹkì, kí wọ́n sì dá kápúsù méjì lójúmọ́ náà dúró títí dókítà wọn tàbí apòògùn tó kọ́ṣẹ́ yóò fi yẹ ìgò rẹ̀ wò. Síǹkì, èròjà tí ara nílò ní ìwọ̀n kékeré, ṣe pàtàkì lóòótọ́ fún insulin, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí onímọ̀ tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n pé insulin nílò síǹkì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, pé síǹkì púpọ̀ ń wo àtọ̀gbẹ sàn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìwádìí tí a ní lọ́wọ́ kò sì fi ìdí èkejì yìí múlẹ̀.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ òǹtajà yẹn ni ó mú kí ó wọ bàbá létí, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best yọ insulin láti inú pancreas ajá, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà. Ní ọdún 1934, D. A. Scott, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Toronto, rí i pé tí síǹkì bá wà nínú omi insulin, insulin náà máa ń dì di kírísítà. Ní ọdún 1938, òun àti A. M. Fisher wọn síǹkì inú pancreas àwọn tí àtọ̀gbẹ ti bá jà kí wọ́n tó kú, wọ́n sì rí i pé ó kéré gan-an sí ti àwọn tí kò ní àrùn náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn pé ṣé àìtó síǹkì kọ́ ni ó ń fa àtọ̀gbẹ. Àwọn tó ń ṣe oògùn insulin kò fi ohun tí Scott rí ní ọdún 1934 ṣeré, nítorí pé ní ọdún 1936 wọ́n ti ń po insulin pọ̀ mọ́ síǹkì àti purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní protamine kí ó lè pẹ́ lára. Insulin tí kò mọ́ gaara, tí nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé kí a rọra yí ìgò rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ kí a tó fà á sínú abẹ́rẹ́, ìran iṣẹ́ yẹn ni. Síǹkì wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ohun tí síǹkì ń ṣe nínú ara nìyí. Lẹ́yìn àpòlúkù wa ni pancreas wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì beta sì ni ó ń ṣe insulin níbẹ̀. Wọn kì í dà á sínú ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú àwọn àpò kéékèèké ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí títí a ó fi nílò rẹ̀. Nínú àpò yìí, ẹyọ insulin mẹ́fà máa ń so pọ̀ yí ẹyọ síǹkì méjì ká, bí ìgbà tí a bá fi okùn di igi ìdáná pọ̀ kí ó má bàa tú lórí ẹni tó rù ú. Dorothy Hodgkin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ni ó fi ìtànṣán X-ray ya bí ìdìpọ̀ yìí ṣe rí ní ọdún 1969. Nígbà tí a bá jẹun tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, àwọn àpò náà á ṣí, síǹkì á bọ́ kúrò, insulin á sì tú ká di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan yìí ni ó ń bá ara ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìdìpọ̀ náà. Nítorí náà, síǹkì kọ́ ni ara fi ń ṣe insulin, inú purotéènì tí a ń jẹ ni ohun tí ara fi ń ṣe é ti ń wá. Ìpamọ́ insulin ni síǹkì ń bá a ṣe.

Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní ZnT8 ni ó ń gbé síǹkì wọ inú àpò wọ̀nyí, jíìnì tó sì ń darí bí ara ṣe ń ṣe é ni SLC30A8. Ní ọdún 2007, ìwádìí tó wo àbùdá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi hàn pé ìyàtọ̀ kékeré nínú jíìnì yìí máa ń fi díẹ̀ kún ewu àtọ̀gbẹ irú kejì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ì bá retí pé àwọn tí ẹ̀dà kan jíìnì náà kò ṣiṣẹ́ rárá lára wọn ni àrùn yìí yóò mú jù. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2014, tó kó nǹkan bí 150,000 ènìyàn pọ̀ láti orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà oríṣiríṣi, fi hàn pé ewu àtọ̀gbẹ irú kejì fi nǹkan bí ìpín 65 nínú 100 kéré lára àwọn tí ẹ̀dà kan jíìnì yìí ti bàjẹ́ sí lára. Mo mú èyí wá nítorí pé ó tako èrò tí òǹtajà náà gbé kalẹ̀ gan-an. Tí ó bá jẹ́ pé bí síǹkì bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú àpò insulin ni ara ẹni ṣe ń yá sí i, irú àbájáde yìí kò ní wáyé.

Ẹ ó tún gbọ́ lẹ́nu àwọn òǹtajà pé síǹkì máa ń kéré nínú ara alátọ̀gbẹ. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí síǹkì náà gbà lọ. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín kì í lè dá gbogbo rẹ̀ padà, ó máa ń bá ìtọ̀ lọ, ó sì máa ń fa omi púpọ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń tọ̀ léraléra lóru. Síǹkì náà máa ń bá ìtọ̀ yìí jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Bí bàbá bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní thiazide, ó lè fi kún òfò náà. Nítorí náà, àìtó síǹkì lára alátọ̀gbẹ sábà máa ń jẹ́ ohun tí àrùn náà fà, tí a bá sì mú ṣúgà wálẹ̀, òfò náà yóò dín kù. Oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ fún bàbá ni metformin tí wọ́n ní kí wọ́n jù nù yẹn.

Ǹjẹ́ wọ́n ti dán síǹkì wò fún àtọ̀gbẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ, àwọn kan fi hàn pé ṣúgà àárọ̀ kí a tó jẹun máa ń wálẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tó lo síǹkì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí kéré, wọn kò pẹ́, ìtọ́jú tí àwọn aláìsàn náà sì ti ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi síǹkì kún. Fún dídènà àtọ̀gbẹ, àjọ Cochrane, tó máa ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ ní ọdún 2015. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí tó kúnjú òṣùwọ̀n, ènìyàn 128 ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé síǹkì ń dènà rẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé metformin. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1998, wọ́n tẹ̀lé àwọn alátọ̀gbẹ tó sanra fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Ikú tí àtọ̀gbẹ fà fi ìpín 42 nínú 100 kéré láàárín àwọn tí wọ́n fún ní metformin sí ti àwọn tó gbára lé ìṣọ́ra nínú oúnjẹ. Èyí ni ohun tí wọ́n ń sọ pé kí bàbá fi sílẹ̀ nítorí kápúsù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tì lẹ́yìn. Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àtọ̀gbẹ kì í pariwo nígbà tó bá ń ba ojú àti kíndìnrín jẹ́. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà yẹn gan-an ni ìbàjẹ́ yóò fi wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ìwọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin tó ti dàgbà nílò nǹkan bí 11 mílígíráàmù síǹkì lójúmọ́, obìnrin sì nílò 8, aboyún 11, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú 12. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi òpin sí 40 mílígíráàmù lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ti ilẹ̀ Yúróòpù sì kéré sí èyí, 25 ni tiwọn. Ẹ gbé ìgò náà, kí ẹ sì ka ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má ṣe wo iwájú nìkan. Orúkọ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì. Tí ó bá jẹ́ 50 mílígíráàmù zinc gluconate ni wọ́n kọ, síǹkì gan-an tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 7 lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n so síǹkì mọ́ ni ó kó ìyókù. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé 50 mílígíráàmù síǹkì gan-an ni, bí ó ṣe máa ń rí nínú kápúsù zinc sulfate onímílígíráàmù 220, a jẹ́ pé 100 ni bàbá ń gbé mì lójúmọ́, èyí tó ju ìlọ́po méjì òpin lọ. Dókítà lè kọ ìwọ̀n tó pọ̀ fún ẹnì kan fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìdí kan pàtó, tí yóò sì máa ṣọ́ ẹni náà. Ti oṣù mẹ́fà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ni yàtọ̀ sí èyí.

Ohun tó mú kí n bẹ̀rù jù nínú lẹ́tà yín ni ẹsẹ̀ bàbá tó ń ta wọ́n bí iná. Síǹkì àti bàbà, mo ń sọ nípa èròjà bàbà tí ara wa nílò ní ìwọ̀n kékeré, jọ ń gba ara ìfun wọlé. Tí síǹkì bá pọ̀ jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì kan tó ń di bàbà mú, kò sì ní jẹ́ kí ó kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá wá gbó tí wọ́n sì bọ́ dànù, bàbà inú wọn á bá ìgbẹ́ lọ. Èyí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà fi ń lo síǹkì láti tọ́jú àrùn Wilson, tó jẹ́ pé bàbà ni ó ń pọ̀ jù lára ẹni tó ní in. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbà rẹ̀ kò pọ̀ jù, tó wá ń gbé síǹkì púpọ̀ mì fún oṣù púpọ̀, bàbà rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dín kù, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àrùn á dín kù, ọ̀pá ẹ̀yìn àti àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lè bàjẹ́, ẹsẹ̀ á kú tipiri tàbí kí ó máa jó, ìrìn á sì di ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà lára àwọn tó ń lo èròjà tí wọ́n fi ń lẹ eyín àtọwọ́dá mọ́ ẹnu ní àlòjù, nítorí pé síǹkì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn mìíràn nínú wọn kò rìn dáadáa mọ́ kódà lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró.

Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ń mú kí ẹsẹ̀ jóni. Metformin tí a bá lò pẹ́ lè dín fítámì B12 kù lára, àìtó B12 náà sì ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Tí a bá tún fi àìtó bàbà lé e, ohun mẹ́ta ni ó lè fa ìnira kan ṣoṣo yìí lára aláìsàn kan náà, èyí tí kò yẹ kó wáyé rárá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni èyí tí a fi owó ra. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn á máa dá àtọ̀gbẹ lẹ́bi, òǹtajà náà á sì lè ní kí wọ́n fi kápúsù kún un. Bí ẹsẹ̀ bàbá bá ti ń jó wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ síǹkì, oṣù kan síǹkì kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ìdí tó tó fún àyẹ̀wò B12.

Mo kọ gbogbo èyí láìfẹ́ kí ẹnikẹ́ni kórìíra síǹkì. Ara àgbàlagbà ní nǹkan bí gíráàmù méjì sí mẹ́ta rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú ẹran ara àti egungun, ó sì lé ní 300 ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, tó nílò rẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ara kò ní ibì kan pàtó tó ń kó o jọ sí de ọjọ́ ọ̀wọ́n, nítorí náà ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ máa rí i jẹ. Ní Shiraz, ní ilẹ̀ Iran, dókítà Ananda Prasad rí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tó rí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Búrẹ́dì tí wọn kò fi ìwúkàrà sí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ó sì máa ń jẹ amọ̀. Ní ọdún 1961 ni Prasad àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó ṣe lẹ́yìn náà ní Íjíbítì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé síǹkì kò tó lára wọn, nígbà tí wọ́n sì rí síǹkì gbà, wọ́n ga, wọ́n sì bàlágà. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí a máa fún ọmọdé tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ní 20 mílígíráàmù síǹkì lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, 10 fún èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí gbogbo ìyá mọ̀. Síǹkì inú ìtọ́jú yẹn wúlò gan-an, mo sì ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n máa lò ó bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó. Lára àgbàlagbà tí síǹkì kò tó fún, egbò kì í tètè jiná, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu, àìsàn sì máa ń tètè kọlù wọ́n.

Ní ti oúnjẹ, ẹran màlúù tí kò ní ọ̀rá púpọ̀, tó ti jinná, tó sì tó 100 gíráàmù, lè ní nǹkan bí mílígíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akàn náà dára. Ẹyin ní díẹ̀. Ẹ̀wà tó jinná, tó kún ife kan, ní nǹkan bí 2, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti kajú náà sì ní i. Ìṣòro tó wà nínú ẹ̀wà àti ọkà ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fáítéètì, tó máa ń di síǹkì mú nínú ikùn, tí kò sì ní jẹ́ kí ara rí i fà. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́ ń dín in kù, ìyẹn ni kí a rẹ ẹ̀wà sómi kí a sì da omi náà nù, kí a rẹ àgbàdo títí yóò fi kan, kí a jẹ́ kí irú jẹ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú síǹkì àgbàdo náà máa ń bá èèrí lọ, ògì sì máa ń tètè gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè. Ọ̀tọ̀ ni mọ́ínmọ́ín tí a fi ẹja, ẹyin tàbí edé sí, nítorí pé ẹran, ẹja àti ẹyin máa ń jẹ́ kí ara rí síǹkì inú ẹ̀wà fà dáadáa. Èmi fúnra mi yóò fẹ́ kí bàbá fi owó kápúsù yẹn ra ẹ̀wà, ẹja àti ẹran díẹ̀. Tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín wọn kò lágbára mọ́, kí wọ́n béèrè iye ẹran tó yẹ wọ́n kí wọ́n tó fi kún un.

Bí dókítà bá rí ìdí láti kọ síǹkì fún wọn, bóyá nítorí pé wọn kì í jẹun dáadáa tàbí pé egbò kan kọ̀ láti jiná, kí wọ́n lò ó ní ìwọ̀n tó bá kọ, fún ìgbà tó bá kọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún síǹkì wà, ṣùgbọ́n kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún síǹkì ara tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, ibà tàbí àrùn mìíràn sì lè mú kí ó lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà dókítà yóò wo oúnjẹ àti ara wọn pẹ̀lú. Kí wọ́n má ṣe gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn irin tàbí oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin àti tetracycline, nítorí pé ọ̀kan lè dínà fún èkejì. Apòògùn yóò sọ wákàtí tó yẹ kó wà láàárín wọn.

Nígbà tí ẹ bá mú bàbá lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ìgò kápúsù náà dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láìfi ohunkóhun pamọ́. Tí wọ́n bá ti fi metformin sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ èyí náà. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àyẹ̀wò kíndìnrín, fítámì B12 àti iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun èlò tó yẹ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láti mọ ibi tí kò gbọ́ ìmọ̀lára mọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ máa tan iná wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ní alaalẹ́, nítorí pé wọ́n lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Tí ẹ bá rí egbò, bó ti wù kó kéré tó, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.